Sípíkà Mẹ́fà fún Ohùn Bàbá Àlùfáà

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

A ti gba iṣẹ́ náà. Èmi Súlè tí wọ́n ní n ò kàwé, èmi ni àwọn àgbà Bẹ́yẹrunkà gbé iṣẹ́ sípíkà mọ́sálásí wọn fún lánàá, lójú ọkùnrin Òkè-Àdó tó fi mọ́tò gbé tiẹ̀ wá, tó sì so táì mọ́rùn nínú oòrùn. Àpótí mẹ́fà ni. Wọ́n ti san àsansílẹ̀. Láti àná ni ìyá ẹ ti ń pe ara ẹ̀ ní ìyàwó agbaṣẹ́ṣe, ìyàwó kọngílá, kò jẹ́ kí etí wa sinmi.

Èmi ò tíì lè yọ̀. Lẹ́tà ẹ dé láàárọ̀ yìí, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kí o máa bá mi wo sípíkà ẹnu àárín sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tuntun tí o ń bá wọn ṣiṣẹ́. O ní o ti yan mẹ́fà. O ní òòfà ẹ̀ wúwo, ojú ẹ̀ ń dán bí àwo tánńganran, pé kò sí èyí tó ń ké tó o ní gbogbo Èkó, pé ọ̀gá ẹ á kan páálí onípákó ẹ̀ ní ìṣó lọ́jọ́ Jímọ̀ kí ọkọ̀ gbé e bọ̀. O wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Bàbá, ayé ti yí padà, ohùn tó mú ni àwọn èèyàn ń fẹ́ báyìí."

Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí wọ́n kan páálí yẹn. Ka lẹ́tà yìí tán kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, n ò bẹ akọ̀wé. Ọdún méjì péré ni mo fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, síbẹ̀ wo bí ìlà mi ṣe tò. Ìyá ẹ ló máa gbé e wá bá ẹ. Ó gbọ́dọ̀ padà dé ibí lọ́jọ́ Àlàmísì. Owó àsansílẹ̀ wà ní ìdí ẹ̀, nínú ìgbànú. Mo ti sọ fún un pé kó má tú u fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìwọ, àfi tí o bá ṣe gbogbo ohun tí mo kọ síbí.

Má fajú ro. Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ.

O mọ̀ pé ẹnu mẹ́ta ni àpótí tiwa máa ń ní. Èyí tó tóbi nísàlẹ̀ ló ń kùn bí ọlọ. Èyí tó kéré lókè ló ń dún ṣíṣíṣí bí òróró tó gbóná. Èyí tó wà láàárín, ibẹ̀ ni èèyàn ń gbé. Bí ìyá bá ń pe ọmọ, bí àlùfáà bá ń ṣe wáàsí, ẹnu àárín ló ń gbé e. Bó bá bàjẹ́, àwọn méjì yòókù ò lè bò ó láṣìírí. Ìwọ̀nyí ni mo kọ́ ẹ kí o tó mọ bí a ṣe ń di irun ara ẹni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Èkó máa ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé ohun tó gbé kúrò nílé.

Ohun tí n ò sọ fún ẹ rí ni bí èmi fúnra mi ṣe bà á jẹ́.

O ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà yẹn. Bàbá Àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tàfúsíìrì, ìtumọ̀ Àlùkùránì nínú oṣù ààwẹ̀, nínú agbo ilé ńlá tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí yẹn, láàárín àílà àti alaásárì. Ohùn ẹ̀ nígbà náà, n ò mọ ohun tí n bá fi wé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Àwọn obìnrin tó wá ra ọjà ní Ọjà'ba á gbé igbá wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á gbàgbé pé ilé ń dúró dè wọ́n. Èrò wá pọ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ mọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó kó pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè mẹ́wàá lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Súlè, jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ mi bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Kí ni mo ṣe? Mo gbé sípíkà oríṣi mẹ́rin kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ, létí ráńdábáòtù, níbi tí lọ́rì ti ń fun fèrè, tí ẹ̀rọ ata ń lọ, tí àwọn ọlọ́jà ń kiri. Mo ní èyí tó bá borí ariwo Bẹẹrẹ ni ọba wọn. Ọ̀kan borí ẹ̀ lóòótọ́, ojú ẹ̀ ń dán bíi tìẹ yẹn. Mo rà á, mo sì ń yangàn kiri.

Agbo ilé yẹn ò jọ Bẹẹrẹ, Àbẹ̀kẹ́. Ó dákẹ́. Ògiri amọ̀ yí i ká, páànù wà lórí gbogbo ẹ̀, oòrùn ti mú páànù náà. Ohùn tó bá mú, á lọ gbá páànù, páànù á jù ú padà lé yín lórí. Bí Bàbá ṣe ní "Bísímílàhì", ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ ha ìdí abọ́. Àwọn ọmọdé fọwọ́ di etí. Obìnrin kan níwájú ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, kí la fi ṣẹ̀ yín?" Ni gbogbo èrò bá bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó wo àpótí, ó wò mí.

"Súlè, ta ló wà nínú ẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi kọ́. Pa á."

Ó fi ọ̀fun lásán sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn títí oṣù fi parí. Bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ làwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé, "A ò gbọ́ o." Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, á tún gbé ohùn sókè. Nígbà tí a máa fi kírun yídì, ohùn náà ti ya, kò sì jinná dòní. O mọ̀ ọ́n bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀yin ọmọ rò pé ọjọ́ orí ni. Èmi mọ̀ pé èmi ni. Kò béèrè owó ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí, èmi náà ò sì dá a padà. Mo ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn Mápó lọ sílé kí n má bàa pàdé ẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń sọ báyìí pé bí wọn ò bá gbọ́ ọ lọ́dún yìí, kí ó dìde lórí awọ tó ń jókòó lé ṣe wáàsí, kí àlùfáà kékeré jókòó. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Sípíkà tó bá mú, gbogbo ibi tí ohùn yẹn ti ya ló máa kó síta. Èyí tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ á mú ara ohùn tó kù jáde, á fi yíya tó wà níbẹ̀ sílẹ̀.

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ náà lánàá nìyí. Ọkùnrin Òkè-Àdó kọ́kọ́ so tiẹ̀, ó ń pariwo "Háló, háló," ó fi àwo orin sí i, àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Ó bi mí pé, "Bàbá, irú èwo lẹ gbé wá?" Mo ní, "Irú èyí tí kì í pariwo orúkọ ara ẹ̀." Mo ní kí Bàbá Àlùfáà lọ jókòó sínú yàrá lẹ́yìn ògiri, kí ó kàn fi máíkì kí wọn láti inú sípíkà mi. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ kú ìjókòó o." Àwọn àgbà dáhùn, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá," wọ́n sì yíjú sí ẹnu ọ̀nà pé ó ti wọlé. Àlàgbà kan tí etí ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ń sún ara kí Bàbá lè rí àyè jókòó. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè kejì.

Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní. Inú rédíò onígi tó ti kú ni mo ti yọ ọ́, láti ìgbà òyìnbó. Mo nílò mẹ́fà bíi tiẹ̀. Mo ti ní kí ìyá ẹ fi gèlè ẹ̀ wé e wá fún ẹ kí o lè fi wọ̀n wọ́n. Bó bá já bọ́ lọ́wọ́ yín, gbogbo ẹnu tí mo fi yangàn lánàá ti di irọ́.

Gbọ́ ìmọ̀ràn mi wàyí.

Èkínní, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú iṣẹ́ tiwa, irọ́ ni. Má fojú ra sípíkà. Dídán yẹn, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló wà fún. Wá èyí tó jẹ́ pé bébà ni ojú ẹ̀, bébà tó rí wúruwùru bíi kíjìpá, tí etí ẹ̀ jẹ́ aṣọ. Fi èékánná ta á díẹ̀. Bó bá dáhùn bí igbá, gbé e sọ́tọ̀. Bó bá dáhùn bíi páànù, dá a padà, páànù tó wà ní Ìbàdàn tó wa. Lẹ́yìn náà, fi ìka mẹ́ta tì í wọlé jẹ́jẹ́. Kó lọ, kó bọ̀, kó má ha nǹkan kan.

Èkejì, má dán an wò ní ìhòòhò. Sípíkà tí ò sí lára pákó, ohùn ẹ̀ á rù, kódà kó jẹ́ èyí tó dáa. Bí mo ṣe kọ èyí tó dáa sílẹ̀ lọ́dún yẹn nìyẹn, torí mo gbé e lé tábìlì lásán. Ní kí káfíńtà lu ihò sí pákó, kí o fi síkúrù mẹ́rin dè é. Ọ̀gá ẹ á ní kò sí àyè. Sọ fún un pé bàbá ẹ ló ra pákó.

Ẹ̀kẹta, èyí tó bá ké ju èkejì lọ, etí á ní òun ló dára jù. Etí ń tan èèyàn. Rẹ ti aláriwo sílẹ̀ títí àwọn méjèèjì á fi ṣe déédéé, kí o tó dájọ́. Ṣé o fẹ́ mọ bí mo ṣe mọ̀? Èmi fúnra mi ni mo máa ń yí bọ́tìnnì rédíò tí ò tà sókè díẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá ń wo ẹ̀yìn. Wọ́n á ní, "Súlè, èyí ló dùn," wọ́n á rù ú lọ. Mo fi ọgbọ́n yẹn kọ́ yàrá méjì. Ọ̀gá ẹ tó jẹ́ Kòráà tó ti òkè òkun wá tajà, ó ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí mi.

Ó yẹ kí n bi ẹ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan níbí, kí o má sì bínú. Èló ló ń fún ẹ lórí páálí kọ̀ọ̀kan? Mo ti tajà pẹ́. Bí wọ́n bá ń yin ọjà kan tó báyẹn, tí wọ́n sì fẹ́ tètè kàn án ní ìṣó, ó ti pẹ́ ní sító nìyẹn. N ò ní o jalè. Mo ní ẹni tó bá ń jẹun nídìí ọjà kì í tètè gbọ́ àbùkù ẹ̀. Bí o bá ti sọ fún un pé a máa rà á, lọ bá a kí Jímọ̀ tó pé, kí o sọ pé o ṣi yàn. Ojú á tì ẹ́ díẹ̀. Èmi tójú ò tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọdún mélòó ni mo ti ń gba ẹ̀yìn Mápó lọ sílé?

Ìmọ̀ràn tó kàn, n ò ka iye mọ́. Má wá lọ ṣàṣejù sí òdìkejì. Lẹ́yìn ìtìjú Bẹ́yẹrunkà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ohùn tó mú débi pé mo ń di òwú sẹ́nu gbogbo àpótí. Mo ṣe ọ̀kan fún tíṣà Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òkè-Àdó. Ó gbọ́ ọ títí, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ní, "Súlè, mo ní kí o kó orin sínú àpótí, mi ò ní kí o sin ín." Ohùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í ṣe ohùn tó ti ẹnu ẹni tó da aṣọ borí jáde. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ yọ, òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí ìparí ẹ̀ má sọnù. Bí o bá ní láti na ọrùn kí o tó gbọ́, kì í ṣe òun.

Má sì fi orin dán an wò, orin máa ń bo àṣírí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí o fi dán an wò, kó pẹ́ díẹ̀. Bí etí bá rẹ̀ ẹ́ kí ìṣẹ́jú ogún tó pé, ó ti jẹ́bi.

Èyí tó gbẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù, torí ẹ̀ ni mo ṣe rán ìyá ẹ, tí n kò rán dírẹ́bà. Ṣé o rántí ìyá àgbà, ìyá tó bí mi, nígbà tí ojú ẹ̀ ti lọ tán, tó máa ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ìwọ lo máa ń gbé omi fún un. Mo so sípíkà méjì sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, mo ní kí ìyá ẹ wà ní yàrá, kó máa fi máíkì ki ìyá mi ní oríkì ẹ̀, bó ṣe ń kí i láràárọ̀. Lára ti àkọ́kọ́, ìyá mi ní, "Ẹ pa asọ̀rọ̀mágbèsì yẹn, ó ń dá mi lágara." Mo sún wáyà sórí èkejì. Oríkì kan náà, ẹnu kan náà. Ìyá mi gbé orí sókè. Ó ní, "Hoo." Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá orí ìyàwó ilé tó rò pé ó kúnlẹ̀ níwájú òun láti gbé ọwọ́ lé e. Afẹ́fẹ́ ló ń fọwọ́ bà. Ìwọ lo bú sẹ́kún. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń yan sípíkà, kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kà á.

Nítorí náà, kí ìyá ẹ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú máíkì. Kí ìwọ wà níwájú, kí o di ojú. Kí ó kì ẹ́ bó ṣe ń kì ẹ́ nígbà tí o bá ń lọ sílé ìwé, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí a bẹ̀ kí a tó rí kẹ́." Kọ́kọ́ gbọ́ ọ lára ẹyọ kan tí mo fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, gbọ́ ọ lára tìẹ tó ń dán, kí o má ṣe ojúsàájú fún mi. Lẹ́yìn náà, lára gbogbo oníbébà tó wà ní sító wọn. Àwọn èèyàn ibẹ̀ á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, pé àwọn ará Ìbàdàn wá ń ki ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí tí orí ẹ bá wú sí, tí orúnkún ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀ fúnra ẹ̀, òun ni. Wá mẹ́fà ẹ̀, kí wọ́n jọ ti inú páálí kan náà wá, kí o sì gbọ́ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ara ẹ ò bá rọ̀ sí ọ̀kankan, má rà. Jẹ́ kí ìyá ẹ gbé owó bọ̀ bó ṣe wà ní ìdí ẹ̀. Èmi á lọ dojú kọ àwọn àgbà, ọkùnrin Òkè-Àdó á gba iṣẹ́, a ó sì jọ máa wò ó bí wọ́n ṣe ń ká awọ nílẹ̀ lábẹ́ Bàbá.

O mọ̀ pé n kì í bẹ èèyàn. N ò bẹ ọba, n ò bẹ ajẹ́lẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ku ohun kan tí n ò tíì sọ fún ìyá ẹ pàápàá. Lánàá, nígbà tí àwọn èèyàn túká, Bàbá Àlùfáà gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó fi ohùn ìgbálẹ̀ yẹn sọ pé, "Súlè, owó mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹ."

Ojú mi wálẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Mo ní, "Bàbá, ẹ máà bínú, ẹ gbà á nísinsìnyí."

Ó di ọwọ́ mi mú nínú àpò níbẹ̀. "Fi í síbẹ̀. Ohùn ni mo ní kí o bá mi gbé, o sì bá mi gbé e lọ. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ara mi nínú àpótí ẹ, tí n kò béèrè ẹni tó wà nínú ẹ̀, mo ti gba owó mi nìyẹn. N kò ní Ràmàdáánì míì tí mo fẹ́ fi dúró dè ẹ́."

Èmi Súlè, bàbá ẹ, ni mo jẹ gbèsè náà, ìwọ ni mo sì rán láti bá mi san án: pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè mẹ́wàá, kí oṣù ààwẹ̀ tó yọ, ọjọ́ mọ́kàndínlógún sí òní.